Bọ́dì Tuntun, Ẹ́ńjìnnì Mìíràn: Ṣé MGB Ọdún 1964 Náà Ṣì Ni?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Leeds ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ìbéèrè rẹ̀ kúrú díẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó láti ra MGB, mọ́tò kékeré onísáré àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1964. Ẹni tó ń tà á ní wọ́n tún un ṣe látòkè délẹ̀ láàárín 1990 sí 1993, ó sì kó fáìlì ìwé tó nípọn fún mi wò. Ọkọ àbúrò mi tó jẹ́ mẹkáníìkì bá mi lọ. Ó ní bọ́dì ara rẹ̀ kọ́ ló bá wáyé, ẹ́ńjìnnì náà ti yí padà, ayédèrú ni, kí n sá fún un. Ó wá mú mi lọ síbi òmíràn tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí látìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́. Owó méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èwo ni kí n rà? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ àwọn ọwọ́ tó ti kọjá?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó sanwó. Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra níbí. Èkíní, ṣé mọ́tò tí wọ́n pààrọ̀ bọ́dì àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ni mọ́tò tó jáde lọ́dún 1964? Èkejì, ṣé ẹni tó ń tà á ń purọ́? Ọkọ àbúrò rẹ da méjèèjì pọ̀. Ohun tó fojú rí tọ̀nà, ojú iṣẹ́ ló fi wò ó. Ibi tó wá parí ọ̀rọ̀ sí ni mi ò bá a dé. Mọ́tò tó ń pe ara rẹ̀ ní ohun tí kò jẹ́ ni mò ń pè ní ayédèrú. Èyí tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì kọ ohun gbogbo tí wọ́n yọ àti ohun gbogbo tí wọ́n fi sí i sílẹ̀, ẹnì kankan ò lè fi jìbìtì lù ẹ́ níbẹ̀ àfi tó o bá kọ̀ láti kàwé.

Ó yẹ kó o kọ́kọ́ mọ ìdí tí bọ́dì MGB fi máa ń di pípààrọ̀. Abingdon, ìlú kékeré kan nítòsí Oxford, ni wọ́n ti ṣe é, láti 1962 títí di oṣù Kẹwàá ọdún 1980. Wọ́n ṣe é ju 500,000 lọ. MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní ṣáàsí: férémù irin kan ló gbé bọ́dì, bí bọ́dì bá jẹrà, férémù ṣì wà níbẹ̀. MGB ò ní férémù kankan. Bọ́dì fúnra rẹ̀ ni ṣáàsí, agbára rẹ̀ sì wà nínú irin gígùn méjì tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá lọ́tùn-ún lósì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sill. Irú èyí tó ò ń wá yìí ò ní òrùlé irin tó máa ràn án lọ́wọ́, torí náà sill yẹn àti ilẹ̀ mọ́tò nìkan ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Páànù tín-ínrín mẹ́ta ni wọ́n wẹ́ẹ̀dì pọ̀ láti fi ṣe é, ti ìta, ti àárín àti ti inú, àyè sì ṣófo láàárín wọn. Iyọ̀ tí káńsùlù máa ń dà sójú títì nígbà òtútù á bá omi wọ àyè yẹn, á jókòó síbẹ̀. Láti inú ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà ìta bá fi máa wú kókó bí ìka ọwọ́, inú ti jẹ tán.

Ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ jákujàku ti ń rí jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ sill bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ tú bóòtù fẹ́ńdà iwájú kó sì gbé fẹ́ńdà náà kúrò, kó gé ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà ẹ̀yìn nítorí sill gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, kó sì wẹ́ẹ̀dì irin ìdábùú sí ẹnu ilẹ̀kùn kí bọ́dì má bàa tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yọ èyí tó jẹrà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, owó gidi sì ni. Ẹni tó fẹ́ tà kíákíá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á ra páànù ìbòrí, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èyí tó ti kú, á fi bọ́dì fílà, lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò, dí ojú oríkèé, á fọ́n ọ̀dà lé e. Ó ń dán lọ́jọ́ tó o rà á. Lẹ́yìn òtútù méjì, omi á rí ọ̀nà tiẹ̀.

Bó o ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Dúró ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kó o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, kó o wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà ẹ̀yìn. Ó yẹ kó ṣe déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò náà níbi tí ilé iṣẹ́ ṣe fún jáàkì lábẹ́ sill. Bí wọ́n bá kọ̀ pé kò yẹ kí jáàkì kan ibẹ̀, wọ́n ti dá ẹ lóhùn nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé e, ṣí ilẹ̀kùn kó o sì tì í padà. Bí ilẹ̀kùn bá ń ha, tí àlàfo náà sì yí padà, àárín mọ́tò ń ká nìyẹn. Mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó o fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé dání, kó má bàa ha ọ̀dà, kó o máa rọra fà á lọ ní ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà ẹ̀yìn, níwájú táyà. Ibi tó bá ti já bọ́, fílà ló wà níbẹ̀. Ibi méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò yẹn, kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá.

Ní báyìí, ọdún 1988 ni British Motor Heritage, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara fún mọ́tò àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe odidi bọ́dì MGB tuntun, ẹ̀rọ ìtẹ̀pánù tí wọ́n lò nígbà àtijọ́ gan-an ni wọ́n sì wá rí tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìtàn tí ẹni tó ń tà á sọ fún ẹ bá ìgbà mu: 1990 sí 1993 jẹ́ àsìkò tí ẹni tó fẹ́ràn MGB rẹ̀, tí bọ́dì rẹ̀ sì ti jẹ kọjá àlà, máa lọ ra irú bọ́dì bẹ́ẹ̀. Bọ́dì yẹn kì í ṣe ọjà ẹni tó ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ, páànù ìbòrí ló máa ń rà. Torí náà, kí wọ́n sọ fún mi pé bọ́dì Heritage ló wà lára mọ́tò kan, tí rìsíìtì rẹ̀ sì wà, ọkàn mi máa ń balẹ̀ ju kí wọ́n sọ fún mi pé "bọ́dì àtilẹ̀wá ni o, wọ́n kàn tún sill ṣe díẹ̀". Ohun kan ni kó o wò: ṣé irú bọ́dì tó bá 1964 mu ni wọ́n rà? Ìparí ọdún 1967 ni ilé iṣẹ́ fẹ òkìtì àárín ilẹ̀ mọ́tò, èyí tó bo gíá. Bí tìrẹ bá ní òkìtì fífẹ̀ yẹn, bọ́dì ìgbà ẹ̀yìn ni wọ́n fi sí i. Wo ọwọ́ ilẹ̀kùn náà. Ti 1964, èyí tí a ń fà ni. Ọdún 1965 ni onítítẹ̀ dé. Wo ẹ̀yìn àga: bátìrì oní-volt 6 méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi oní-volt 12 kan rọ́pò wọn, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Ti ẹ́ńjìnnì kò yẹ kó gba àsìkò wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ẹ́ńjìnnì MGB ti jẹ́ 1798 cc. Bẹ́ríǹ ńlá, èyí tó gbé ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì ró, 3 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, nígbà tó sì di apá ìparí 1964 wọ́n sọ ọ́ di 5. Nígbà tí àwọn mọ́tò yìí ṣì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ẹ́ńjìnnì bá ti rẹ̀, mẹkáníìkì kì í sábà tú u. Á gbé e lọ, á gba èyí tí BMC, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni MG nígbà náà, ti tún ṣe, tí wọ́n ń pè ní Gold Seal, ọ̀dà aláwọ̀ góòlù ni wọ́n fi ń kùn ún. Ti àtijọ́ á padà sí ilé iṣẹ́ lọ di ti ẹlòmíràn. Ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nígbà náà nìyẹn, bí ẹni pààrọ̀ táyà. Ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18G tàbí 18GA, ti bẹ́ríǹ 3 ni, 18GB, ti bẹ́ríǹ 5, 18V, ti àwọn ọdún 1970 ni, ó sì dá mi lójú pé òun ni ọkọ àbúrò rẹ rí. Ó máa dín owó mọ́tò kù lójú ẹni tó ń fẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà bára mu. Kò sọ ọ́ di ayédèrú. Ká tiẹ̀ sọ òtítọ́, ẹ́ńjìnnì bẹ́ríǹ 5 máa tọ́jọ́ jù fún ẹ tó o bá fẹ́ máa wà á.

Ẹjọ́ kan wà tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń tọ́ka sí tí àríyànjiyàn báyìí bá dé. Bentley Speed Six kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Old Number One. Lọ́dún 1929 ó gba ipò kìíní nínú eré wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, Woolf Barnato àti Tim Birkin ló wà á. Lọ́dún 1930 ó tún gbà á, lọ́wọ́ Barnato àti Glen Kidston. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì onílítà 8 sí i. Lọ́dún 1932, nínú eré ní Brooklands, ó fò kọjá orí ọ̀nà tí wọ́n mọ ga ní kọ́nà, Clive Dunfee tó ń wà á sì kú. Wọ́n tún un kọ́, ó di mọ́tò ìgboro olórùlé, bẹ́ẹ̀ ló ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, oníkálukú ń yọ tiẹ̀, ń fi tiẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Middlebridge gbà láti rà á ní £10 mílíọ̀nù lọ́wọ́ Edward Hubbard. Wọ́n wá yí ohùn padà pé èyí kọ́ ni mọ́tò tó jáwé olúborí ní Le Mans. Ọ̀ràn dé ilé ẹjọ́ gíga ní London lọ́dún 1990.

Ohun tí àwọn olùrà sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá o. Nígbà tí àwọn amòye tú mọ́tò yẹn wò, ìwọ̀nba nǹkan kékeré ló kù lára rẹ̀ láti ìgbà eré Le Mans. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Otton ò ka irin nìkan. Ó ní a ò lè sọ pé mọ́tò náà ṣì wà bó ṣe wà ní 1929 tàbí 1930. Síbẹ̀, mọ́tò náà gan-an ni, torí díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà tuntun ń wọlé, kò sì sí ọjọ́ kankan láàárín ọgọ́ta ọdún yẹn tí mọ́tò náà pa rẹ́ tí òmíràn wá gorí orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ò já. Hubbard ló jàre. MGB tìrẹ kì í ṣe Bentley, kò sì sẹ́ni tó máa fi £10 mílíọ̀nù rà á. Àmọ́ ohun tí adájọ́ wá náà nìwọ náà máa wá: ṣé ìtàn yẹn so kọ́ra láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ títí dé ọwọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ? Bí kò bá so kọ́ra, níbo ló ti já, ta ló sì wà níbẹ̀?

Nítorí náà, fáìlì nípọn yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀dà lọ. Ní kó jẹ́ kó o jókòó tì í, kó o tú gbogbo ìwé kalẹ̀ ní ìtòtẹ̀lé ọdún. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ìwé-ẹ̀rí láti British Motor Museum ní Gaydon, àwọn tó ní àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń tà á ò bá ní in, ìwọ fúnra rẹ lè kọ̀wé kó o sanwó fún un. Á sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe mọ́tò náà, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó bá jáde, àti ibi tí wọ́n kó o lọ. Fi wé nọ́ńbà ṣáàsí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. GHN3 ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ti 1964. Bí o bá rí L tẹ̀lé e, ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wà á látilẹ̀, bóyá Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dé, torí ibẹ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù lára wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ti padà wá láti California àti Texas níbi tí òjò ò ti pọ̀, tòkúnbọ̀ ti àwọn òyìnbó náà nìyẹn, bọ́dì irú wọn sì máa ń gbẹ dáadáa. Pátákó nọ́ńbà yẹn nìkan ò tó o: ohun tí èèyàn lè yọ ni, wọ́n sì ń ta tuntun rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni pátíkúlà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ mọ́tò ní Britain, ló ni mọ́tò. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí ìní. Ẹni tó ń tọ́jú mọ́tò ló wà níbẹ̀. Béèrè rìsíìtì tí ẹni yìí fi rà á. Bí ìwé àtijọ́ bá wà nínú fáìlì, èyí tí káńsùlù ń lu òǹtẹ̀ sí kí ọ́fíìsì ìjọba ní Swansea tó gba iṣẹ́ náà lọ́dún 1974, wúrà lo rí, torí orúkọ àwọn tó ní in tẹ̀ léra wọn níbẹ̀. Tò àwọn ìwé MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí òfin ní kí wọ́n ṣe fún mọ́tò, sílẹ̀, kó o kọ máìlì ọdọọdún. Ó yẹ kó máa pọ̀ sí i ni, kó dákẹ́ láàárín 1990 sí 1993 nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, kó tún máa lọ. Rántí pé nọ́ńbà 5 péré ni aago máìlì rẹ̀ ní, lẹ́yìn 99,999 ó máa padà sí òdo, má pariwo olè nígbà yẹn. Láti 2005 wá, o lè rí àbájáde MOT lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Fọ́tò àtúnṣe wá ńkọ́? Má ka iye rẹ̀, wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Fọ́tò bọ́dì lásán tó wà lórí igi lè jẹ́ ti mọ́tò ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo máa ń wá ni èyí tó fi nọ́ńbà mọ́tò, pátákó ṣáàsí tàbí àmì kan tí mi ò lè ṣì mọ̀ hàn, tí bọ́dì àtijọ́ àti tuntun sì jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ́dì àtijọ́ náà. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àṣejù. Jaguar E-Type eré ìdíje tí Peter Lindner fi ní ìjàǹbá tó pa á ní Montlhéry lọ́dún 1964 ni ẹ̀rí mi: wọ́n ṣe bọ́dì mìíràn fún un lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bọ́dì tó fọ́ ṣì wà nílẹ̀, nígbà tó sì yá àwọn oníṣẹ́ ní Bridgnorth fi sùúrù na bọ́dì tó fọ́ náà padà, wọ́n sì gbé mọ́tò náà lé e ní 2011. Ti wọn dára, ojú ayé ni wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n bí bọ́dì rẹ àtijọ́ bá lọ sọ́wọ́ ẹnì kan tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tó ní òun náà ní mọ́tò ọdún 1964 kan náà, wàhálà ńlá nìyẹn. "Wọ́n gé e, wọ́n tà á fún onírin" ni ìdáhùn tó dáa jù.

Ọ̀rọ̀ òfin kúrú. Títí di ọdún 2025, nígbà tí DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, bá ń wọn mọ́tò tí wọ́n ti yí padà gan-an, àmì 8 ni wọ́n máa ń wá kó tó lè di nọ́ńbà rẹ̀ mú: bọ́dì nìkan máa ń gba 5, ẹ́ńjìnnì máa ń gba 1 péré. Bọ́dì tuntun tó bá àtijọ́ mu, tó ní rìsíìtì, kò fa wàhálà. Wọ́n ti tún ìlànà yìí ṣe lọ́dún yẹn, torí náà ka èyí tó wà nílẹ̀ lónìí kó o tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èkejì, èyí tí "ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí". Irú rẹ̀ wà láyé, ẹni tó bá sì rí ojúlówó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi sáńpépà kàn án. Mi ò tíì rí mọ́tò rẹ yìí, fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ kò sì fi abẹ́ rẹ̀ hàn, torí náà mi ò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé MGB tó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ nínú iyọ̀ àti òjò ilẹ̀ yìí, tí sill rẹ̀ ò yí padà rí, máa ń jẹ́ mọ́tò tí wọ́n tì mọ́ inú ilé gbígbẹ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀, máìlì àti ìwé rẹ̀ á sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Mo rí i nínú fọ́tò kẹta pé ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ onítítẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní 1964 ni. Ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ èmi, tí ìwé mọ́tò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tún ṣe, bá so kọ́ra, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tì dáadáa lórí jáàkì, òun ni màá rà, ṣùgbọ́n mi ò ní san owó mọ́tò tí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ bára mu. Ẹ́ńjìnnì tó yí padà gbọ́dọ̀ hàn nínú owó. Bó o bá rà á nítorí àtijèrè lọ́la, mi ò lè bá ẹ sọ tẹ́lẹ̀, torí MGB pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kì í sì í fò. Bó bá jẹ́ láti máa wà á ni, bọ́dì tí iyọ̀ ò tíì jẹ ló máa sìn ẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú MOT tipátipá àti owó orí títì. Síbẹ̀, sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó gbé e lọ ṣe MOT lówó rẹ, kí wọ́n lè gbé e sókè, kí ọkọ àbúrò rẹ sì dúró sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó o bá ń gba ìńṣọ́ránsì, ti iye owó tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí ni kó o gbà, kó o sì sọ ti bọ́dì tuntun náà fún wọn, kó wà nínú ìwé.